Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Ilẹ̀ Japan àti Ipò Rẹ̀ Nínú Ìtàn: Àgbéyẹ̀wò láti Lugbe

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn kọ̀ǹpútà, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ló máa ń gba gbogbo ìyìn. Wọ́n á dárúkọ ENIAC, wọ́n á dárúkọ IBM, wọ́n á dé orí Apple àti Microsoft, ìtàn á sì parí síbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti géèmù ni wọ́n máa ń rántí ilẹ̀ Japan. Lójú tèmi, ohun ńlá ni ìtàn bẹ́ẹ̀ fò dá. Àwọn ará Japan ló fara balẹ̀ jù lọ láti ṣe ẹ̀rọ fún ọ́fíìsì kékeré, ìyẹn ibi tí kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ kankan, tó jẹ́ pé akọ̀wé kan tàbí méjì ló ń ṣe ìwé owó, ìwé ọjà àti lẹ́tà. Ìtẹramọ́ṣẹ́ yìí ló bí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí gbogbo ayé wá ń lò, ẹ̀kọ́ tó sì wà nínú rẹ̀ kan àwa gan-an.

Ó ní ìdí tí mo fi ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti Lugbe. Ní àdúgbò yìí, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Abuja, ni Obasanjo Space Centre wà. Ibẹ̀ ni NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà sì ni NigComSat, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú FHA tàbí Sabon Lugbe, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kọ̀ǹpútà tí ẹ ó bá pàdé ni ti bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà: ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà, tí wọ́n sì ti ń ṣe fótókọ́pì. Ẹ wo ara àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Canon, Sharp, Ricoh, Kyocera, Epson: orúkọ ilé iṣẹ́ Japan ni gbogbo wọn. Báwo ni ilẹ̀ kan ṣe wá di ẹni tó ń pèsè irinṣẹ́ fún ọ́fíìsì kékeré gbogbo ayé?

Ìṣirò lẹ́ńsì àti òrùka Goto

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fíìmù fọ́tò ló ṣe kọ̀ǹpútà oníná àkọ́kọ́ ní Japan. Orúkọ rẹ̀ ni Okazaki Bunji, Fuji Photo Film ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ńsì kámẹ́rà pọ̀ débi pé ọwọ́ kò ká a mọ́, ni Okazaki bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é ní 1949. Oṣù kẹta 1956 ló parí rẹ̀, ó sì pè é ní FUJIC. Gílóòbù oníná bí irú èyí tó ń wà nínú rédíò àtijọ́ ló kó sínú rẹ̀, wọ́n sì tó nǹkan bí 1,700. Ìdí tó fi ṣe é yẹ kí a fi sọ́kàn: iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló fẹ́ mú rọrùn fún àwọn tó ń ṣe é.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ìṣirò láti òkè òkun ti dé ọ́fíìsì Japan kó tó di ìgbà yẹn. Ní 1955, ọjà ìpín ìdókòwò Tokyo àti ilé iṣẹ́ Nomura ra UNIVAC 120 láti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n olówó ńlá nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Bí ilé iṣẹ́ kékeré yóò bá ní tirẹ̀, àfi kí wọ́n rí ohun tó dínwó fi ṣe é. Gílóòbù ń jó lemọ́lemọ́, tiransísítọ̀, ohun kékeré tó wá gba ipò gílóòbù, ṣì wọ́n nígbà náà, ọkàn kò sì tíì balẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Tokyo, Goto Eiichi, ló rí ọ̀nà àbáyọ ní 1954. Ohun tó ṣe ni wọ́n ń pè ní parametron. Òrùka kékeré kan ni, tí wọ́n fi ferrite, ohun èlò kan tó ní irin nínú, ṣe, tí wọ́n yí wáyà mọ́ lára. Bí wọ́n bá ta iná sí i lọ́nà tó tọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló sì lè gbà mì: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n pe ọ̀nà kan ní 0, wọ́n pe èkejì ní 1. Wáyà mẹ́ta ló máa ń wọ inú òrùka kan láti ara àwọn òrùka mìíràn, ibi tí méjì nínú wọn bá sì fì sí ni òrùka náà yóò tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé mọ̀lẹ́bí ṣe ń tẹ̀ lé ohun tí èyí tó pọ̀ jù bá fẹnu kò sí. Láti ara ìpinnu kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ odindi kọ̀ǹpútà.

Ferrite kò wọ́n, kì í sì í jó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ NEC lè gbé NEAC-1101 jáde ní 1958, kí ó sì gbé èyí tó kàn wá jù lọ jáde ní 1961: NEAC-1201, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. NEAC-1210 tẹ̀ lé e ní 1964. Ìwé owó, owó oṣù àti ìṣirò ọjà ni iṣẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tí kò tó ra ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n sì fojú sùn. Nígbà tí tiransísítọ̀ dínwó, parametron kógbá wọlé. Àwọn ìwé ìtàn kan tìtorí èyí kà á sí ọ̀nà tí kò já síbì kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lásìkò tí owó kò sí, ohun tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́, ìmọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n sì kó jọ nígbà náà kò bá parametron lọ.

Ọwọ́ ìjọba, àti ẹ̀sùn àfarawé

Àwọn kan máa ń sọ pé àfarawé Amẹ́ríkà ni gbogbo iṣẹ́ Japan. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Hitachi bá RCA dòwò pọ̀, NEC lọ sọ́dọ̀ Honeywell, Toshiba lọ sọ́dọ̀ General Electric, kí wọ́n lè gba ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá. Fujitsu nìkan ló kọ̀ jálẹ̀ láàrin àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tó ń dá tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àfarawé nìkan ṣe àlàyé kò tíì wo ètò tí ìjọba wọn ṣe. Ní 1957 wọ́n ṣòfin tó fi ìrànlọ́wọ́ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná lẹ́yìn. Ní 1961 àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ JECC sílẹ̀, ìjọba sì ṣètò owó yíyá fún un. JECC á ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, á sì fi háyà ilé iṣẹ́ tó fẹ́ lò ó, tí yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó ṣe é rí owó gbà lójú ẹsẹ̀ láti fi ṣe òmíràn, ẹni tó ń lò ó kò sì ní láti ta ilé kó tó ní kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo ohun tí Japan ṣe, èyí ni mo rò pé a kì í sọ tó.

Láti ẹ̀rọ ìṣirò dé ọpọlọ kọ̀ǹpútà

Orí tábìlì akọ̀wé náà ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti wáyé. Ní 1957, Casio gbé 14-A jáde, ẹ̀rọ ìṣirò tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tó wọn 140 kìlò, tí wọ́n tà ní 485,000 yẹ́ẹ̀nì. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1964, Sharp gbé CS-10A jáde pẹ̀lú tiransísítọ̀, ó sì wọn 25 kìlò péré. Láti ìgbà náà ni ìdíje ti bẹ́ sílẹ̀: ta ni yóò ṣe èyí tó kéré jù, tó dínwó jù, tí akọ̀wé lè gbé?

Ìdíje yẹn ló mú ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Busicom lọ sí Intel ní Amẹ́ríkà ní 1969. Wọ́n fẹ́ kí Intel ṣe oríṣiríṣi chip, ègé kékeré tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ sínú rẹ̀, fún ẹ̀rọ ìṣirò wọn. Ted Hoff ti Intel ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan tí yóò máa gba ìtọ́ni, tí yóò lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí dípò ìṣirò nìkan. Federico Faggin àti Shima Masatoshi, ẹnjiníà tí Busicom rán wá, ló sọ èrò náà di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Oṣù kọkànlá 1971 ni Intel kéde rẹ̀ ní orúkọ 4004, pẹ̀lú tiransísítọ̀ 2,300 nínú rẹ̀. Busicom ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ kí Intel lè dín owó fún un, ó sì wọ gbèsè lọ ní 1974. Irú ọpọlọ yìí náà, tó ti dàgbà gan-an, ló wà nínú gbogbo fóònù tó ń dún ní Lugbe. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá orísun kọ̀ǹpútà kékeré gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì akọ̀wé ní Japan kó tó dé ibikíbi ní California.

Ẹ̀rọ tó mọ èdè akọ̀wé

Ní 1973 NEC gbé System 100 jáde. FACOM V ti Fujitsu àti MELCOM 80 ti Mitsubishi tẹ̀ lé e ní 1974. Ìran tuntun ni wọ́n jẹ́, àwọn ará Japan sì ní orúkọ fún un: ofukon, àgékúrú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ náà kò ju tábìlì lọ, kò nílò yàrá ọ̀tọ̀, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sì ń lò ó. Àwọn alágbàtà tó ń tà á máa ń bá oníbàárà ṣètò rẹ̀ fún òwò tirẹ̀: ti onírẹsì yàtọ̀ sí ti oníṣègùn.

Ìṣòro kan kù, ìṣòro náà sì jọ tiwa. Kanji, àwọn àmì ìkọ̀wé Japan, tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Taipíraítà tí Sugimoto Kyota ṣe ní 1915 ní àmì bíi 2,400 lórí àwo kan, akọ̀wé á sì máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà láti òkè òkun kò mọ̀ ju A, B, D lọ. Àwọn kan sọ pé kí Japan kọ kanji sílẹ̀, kí wọ́n máa fi lẹ́tà àwọn òyìnbó kọ èdè wọn. Wọn kò gbà. Ní 1978 wọ́n ṣe ìlànà kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ á máa tẹ̀ lé, JIS C 6226, tó fún kanji 6,349 ní nọ́mbà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Toshiba fi JW-10 han aráyé. Mori Ken'ichi ló léwájú àwọn tó ṣe é. Ó tóbi tó tábìlì, ó wọn 220 kìlò, iye rẹ̀ sì jẹ́ 6,300,000 yẹ́ẹ̀nì. Akọ̀wé á tẹ ìró ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì yan kanji tó bá a mu. Bí ó bá tẹ "hashi", ó lè jẹ́ afárá, ó lè jẹ́ igi ìjẹun, ó sì lè jẹ́ etí nǹkan. Ẹ̀rọ náà á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká, á mú èyí tó rò pé ó tọ́, á sì máa rántí èyí tí akọ̀wé sábà ń yàn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1985, irú rẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò tó 100,000 yẹ́ẹ̀nì.

Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀

Àgbéyẹ̀wò tó bá yin nǹkan láìsọ àléébù rẹ̀ kò pé. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ofukon tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ètò tí oníbàárà sanwó fún lórí ẹ̀rọ NEC kò lè ṣiṣẹ́ lórí ti Fujitsu, ẹni tó bá sì ti wọ ilé ọ̀kan kò rọrùn fún un láti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni PC-9801 tí NEC gbé jáde ní 1982. Ó jọba lórí ọjà Japan nítorí pé ó ń kọ kanji dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá ti gbogbo ayé mu. Nígbà tí IBM Japan gbé DOS/V jáde ní 1990, tó ń fi ètò lásán kọ kanji lórí kọ̀ǹpútà tó wà káàkiri ayé, odi tó dáàbò bo NEC wó. Windows 95 ló wá parí rẹ̀. Pé wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tó mọ èdè wọn dára. Ohun tó pa wọ́n lára ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́ tirẹ̀.

Èyí tó là á já ni àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè lò: pírńtà, ẹ̀rọ fótókọ́pì, dísíkì kékeré tí Sony ṣe. Epson MX-80 ti 1980 di pírńtà tí àwọn yòókù ń fara wé. Epson yìí náà ló ṣe HX-20, tó dé ọjà ní 1982, kọ̀ǹpútà tó wọn 1.6 kìlò, tó ní pírńtà kékeré nínú ara rẹ̀, tó sì ń lo bátìrì. Ẹni tó bá mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ní Lugbe á mọ iyì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà: ọ̀nà tí a gbà

Ọ̀nà mìíràn ni kọ̀ǹpútà gbà wọ ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn 1963 ló mú un dé, ọdún yẹn náà sì ni IBM ṣí ibi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló dé ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ epo àti àwọn ọ́fíìsì ńlá ìjọba. Nígbà tí olú ìlú kó wá sí Abuja ní oṣù kejìlá 1991, ètò ìjọba ńlá náà ló ń bá a bọ̀. IPPIS tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ń fi kọ̀ǹpútà san owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Lugbe. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà, tí òṣìṣẹ́ yẹn ń ná owó náà lọ́dọ̀ rẹ̀, inú ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lò nílé ìwé ló ṣì ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Kò sẹ́ni tó jókòó ronú ẹ̀rọ fún un bí NEC ṣe jókòó ronú NEAC-1201. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà ni tókunbọ̀: ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì òkè òkun ti lò tì, tí àwọn ọmọ wa onílàákàyè tún ṣe, tí wọ́n sì ń fi jẹun. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn gidigidi. Àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn alágbàtà ofukon ń ṣe, láìsí JECC kankan lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé ló dùn mí jù. Ìwé Yorùbá kò pẹ́ kó tó ní ìlànà. Ìpàdé ìjọ CMS ní Èkó ní 1875 ti sọ̀rọ̀ lórí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìgbìmọ̀ kan tún jókòó ní 1966, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ sì fọwọ́ sí ìlànà tí à ń lò báyìí ní 1974. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Japan ṣe ìlànà kanji rẹ̀. Àwa la ṣíwájú! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ jókòó sí ìpàdé tiwọn, wọ́n sì gbé ìlànà náà lọ sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Tiwa dúró sínú ìwé.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lugbe nígbà tí bàbá àgbà kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá fún títẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé mọṣẹ́, ìka rẹ̀ yá. Ó parí kíá, ṣùgbọ́n kò sí àmì kan lórí ọ̀rọ̀ kankan. Bàbá náà kò bínú. "Kò burú, ọmọ mi. Bá mi wá báírò." Ó jókòó, ó fi báírò sàmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àmì ohùn sórí orúkọ olóògbé kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ṣì. Ìgbà tó parí ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Japan ṣe, àwọn tó jà fitafita kí ẹ̀rọ lè kọ èdè wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, báírò ló sì fi ń kọ Yorùbá.

Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́mbà tiwọn. Ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́mbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi àmì lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Gboard lórí fóònù. Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ yìí. Gbogbo irinṣẹ́ ti pé. Ohun tó kù ni kí wọ́n dé tábìlì akọ̀wé.

Ìdájọ́

Níbo ni kí a wá fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Japan sí nínú ìtàn? Àárín gbùngbùn ni mo fi í sí. Láìsí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré pẹ́ kó tó dé, ọ́fíìsì kékeré ì bá sì ti pẹ́ lẹ́yìn. Ó fi han ayé pé kò sí ìkọ̀wé tó le jù fún ẹ̀rọ, bí àwọn tó ni ín bá kọ̀ láti sọ ọ́ nù.

Ohun mẹ́ta ló kọ́ wa. Ṣe ẹ̀rọ fún ẹni kékeré, nítorí òun ló pọ̀ jù. Wá ọ̀nà tí yóò fi lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwa tí a ti mọ èsúsú àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé èyí ṣòro. Jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ èdè rẹ, lórí ìlànà tí gbogbo ayé ń lò, kí o má baà ti ara rẹ mọ́lé bí NEC. Kí àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà ní Abuja, àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, mú ẹ̀kẹta yẹn bí ohun tiwọn. Ẹ sanwó fún ọ̀dọ́ kan kí ó máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Lugbe, kí ó tan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, kí ó sì kọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Kò nílò ẹ̀rọ tuntun, kò sì nílò àṣẹ ìjọba. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má gba ìwé Yorùbá tí kò ní àmì mọ́. Bí ẹni tó ń sanwó bá bèèrè, ẹni tó ń tẹ̀wé yóò kọ́ ọ.